Ẹni tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa: ṣé ó yẹ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ torí pé ó sáré kọjá gbèdéke lórí márosẹ̀?

Gíà Karùn-ún

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó di ọdún 26 tí mo ti ń wa ọkọ̀. Mi ò fi ọkọ̀ gbá nǹkan kan rí, ì báà ṣe èèyàn, ògiri tàbí ìdí ọkọ̀ ẹlòmíì. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní aago méjì òru, mo wà lórí márosẹ̀. Ojú ọ̀nà gbẹ, ojú ọ̀run mọ́, ìlà mẹ́ta ló wà níwájú mi, kò sì sí ọkọ̀ kankan lórí ọ̀kankan nínú wọn. Gbèdéke ibẹ̀ jẹ́ kìlómítà 110 ní wákàtí kan. Mo wà lórí 142. Ọkọ̀ ò gbọ̀n, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítíárìn, rédíò gan-an mo ti pa á. Àfi ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ funfun kọ mànà lójú mi. Kámẹ́rà! Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́tà dé: owó ìtanràn, pẹ̀lú àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta lórí láísẹ́nsì mi.

Ta ni mo ṣẹ̀? Ọmọ tó gba láísẹ́nsì lóṣù tó kọjá, tí itan rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n tó bá fẹ́ bọ́ sí márosẹ̀, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọn èmi àti òun. Ẹni tó ń lọ ní 105 tó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù, kámẹ́rà ò rí i. Èmi tí ojú mi kò kúrò lọ́nà ló rí.

Àbá mi nìyí: kí wọ́n gbé ìdánwò kan kalẹ̀ tó le gan-an, ti òjò, ti òru, ti bíréèkì òjijì. Ẹni tó bá yege, kí wọ́n fún un ní láísẹ́nsì tirẹ̀ pẹ̀lú gbèdéke tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é.

Ìyá Ìbejì

Hmm. Bí ọkọ mi ṣe ń sọ ọ́ gan-an nìyí. Ẹ wá jókòó síbi tí mò ń jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Bíréèkì tí kò sí níbẹ̀ ni mò ń tẹ̀ láti ilé títí a ó fi dé ibi tí à ń lọ. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti lu.

Táyà Gbígbẹ

Ẹ̀gbọ́n Gíà, ẹ ò jẹ̀bi jàre. Ẹ wo Jámánì. Nǹkan bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún márosẹ̀ wọn ni kò ní gbèdéke kankan. Kìlómítà 130 tí wọ́n kọ síbẹ̀ láti ọdún 1978, ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Ní ọdún 2021, olówó kan láti ilẹ̀ Czech gbé Bugatti rẹ̀ lọ sí márosẹ̀ tó lọ sí Berlin láàárọ̀ kùtùkùtù, ó sì wà á dé 417. Ẹ kà á dáadáa o, irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún. Ó gbé fídíò rẹ̀ síta, wọ́n ṣèwádìí rẹ̀, lọ́dún 2022 wọ́n pa fáìlì náà dé. Wọn ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kà sí i lọ́rùn. Ilẹ̀ Jámánì ò sì tíì pa run.

Ìṣirò Ò Parọ́

Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀bi àti àre sílẹ̀ ná. Ẹ mú bírò.

Ọkọ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ọ̀nà gbígbẹ. Ọ̀kan ń lọ ní 100, èkejì ní 130. Nǹkan kan bọ́ sílẹ̀ níwájú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn awakọ̀ méjèèjì rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gba ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹsẹ̀ wọn tó kan bíréèkì. Bíréèkì tó dára máa ń gé nǹkan bíi kìlómítà 25 kúrò lára eré ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ tó ń lọ ní 100 ti rin mítà 28 kó tó tẹ bíréèkì, ó tún rin 55 kó tó dúró. Àpapọ̀ rẹ̀, mítà 83.

Ọkọ̀ tó ń lọ ní 130 ti rin mítà 36 kó tó tẹ bíréèkì. Mítà 47 péré ló kù fún un láti dé ibi tí ẹnì kejì dúró sí. Eré wo ló ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tó bá débẹ̀? Àwọn èèyàn máa ń sọ pé 30, torí pé 30 ni wọ́n fi ju ara wọn lọ.

92 ni.

Ibi tí ọkọ̀ kan ti dúró jẹ́ẹ́, èkejì ṣì ń fi 92 kọjá níbẹ̀. Ìdí ni pé agbára tí bíréèkì ní láti pa kì í dàgbà bí eré ṣe ń dàgbà. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yẹn di ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí ìdánwò tí ẹnikẹ́ni yege tó lè yí èyí padà.

Gíà Karùn-ún

Àbúrò, mo gba ìṣirò rẹ, ṣùgbọ́n o fún àwa méjèèjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń bá ọ jà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń rí nǹkan kó tó di nǹkan. Mo ti lè mọ ọkọ̀ tó fẹ́ yà bọ́ síwájú mi láti ara bí orí awakọ̀ rẹ̀ ṣe yí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ òde òní ní ABS, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, ó ní kọ̀ǹpútà tó ń di táyà mú. Àwọn tó ṣe òfin yìí, ọkọ̀ ìgbà láéláé ló wà lọ́kàn wọn.

Ìṣirò Ò Parọ́

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ààbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ń lọ ní 100 lo odindi ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀yin lo ààbọ̀ rẹ̀. Ẹ yára jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, kò sì dájú pé ẹ rí ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí kò mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Mo tún ìṣirò náà ṣe. Nígbà tí ẹ bá dé ibi tó dúró sí, ẹ ṣì wà lórí 72.

Ní ti ABS, wọ́n ti dán an wò fún awakọ̀ takisí ní Munich láàárín ọdún 1980 sí 1990. Wọ́n fún àwọn kan ní ọkọ̀ tó ní in, wọ́n fún àwọn mìíràn ní èyí tí kò ní in. Jàm̀bá àwọn tó ní in ò dín kù. Wọ́n kàn ń sáré sí i ni, wọ́n ń súnmọ́ ìdí ọkọ̀ ẹlòmíì sí i. Ohun tí ọkọ̀ fún wọn láti fi dáàbò bo ara wọn, wọ́n fi ra eré.

Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́

Àwọn tó máa ń fi 70 rìn lórí ìlà àárín ńkọ́, tí apá ọ̀tún wọn sì ṣófo? Ta ni yóò bá mi fìyà jẹ ìyẹn?

Ìyá Ìbejì

@Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́, pẹ̀lú orúkọ tí o ń jẹ́ yìí, mo rò pé ìwọ gan-an ni.

Agbẹjọ́rò Ìdákẹ́jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n Gíà gbé kalẹ̀ yìí, kóòtù ti gbọ́ ọ rí, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ọlọ́pàá kan tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ìwakọ̀ tó ga gbé ọkọ̀ iṣẹ́ tuntun jáde lóru láti dán an wò. Márosẹ̀ tó gbà, 70 máìlì ní wákàtí kan ni gbèdéke rẹ̀. Òun dé 159 máìlì, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 256. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ní 2005. Ariwo ta. Ẹjọ́ náà lọ sókè, ó bọ̀ wálẹ̀, títí tí ilé ẹjọ́ gíga kan fi sọ ní 2007 pé a lè gbé ìmọ̀ àràmàǹdà tí awakọ̀ ní yẹ̀ wò tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwà rẹ̀ léwu.

Ẹ̀gbọ́n, ọdún méjì ni inú yín ìbá fi dùn. Ní 2009, ẹjọ́ ọlọ́pàá mìíràn dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òun náà gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, òun náà sáré lórí márosẹ̀, ṣùgbọ́n inú òjò ńlá ni tirẹ̀, omi sì gbá ọkọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ ní ti 2007 yẹn kò tọ̀nà. Òṣùwọ̀n tí òfin fi ń wọn èèyàn ni awakọ̀ tó kájú ìwọ̀n tó sì ń ṣọ́ra. Kò sí òṣùwọ̀n kékeré fún ọ̀gá.

Ẹ fiyè sí i pé ẹ̀sùn ìwàkuwà ni èyí. Ti eré lásán ò tiẹ̀ ní àríyànjiyàn nínú: o kọjá gbèdéke tàbí o kò kọjá, ó tán.

Táyà Gbígbẹ

Ẹ ń sọ̀rọ̀ gbèdéke bí ẹni pé láti òkè ọ̀run ló ti wá. Ẹ gbọ́ ti Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1974, ìjọba wọn fi 55 máìlì lélẹ̀ fún gbogbo márosẹ̀ ilẹ̀ náà. Ẹ mọ ìdí? Epo bẹntiróòlù ló wọ́n! Àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá ti ti ẹnu fáànù, wọ́n wá ní kí gbogbo èèyàn máa lọ́ra. Nígbà tó di 1995 wọ́n fagi lé òfin náà. Àìmọye èèyàn ló san owó ìtanràn fún ohun tó jẹ́ pé ìṣọ́wó-epo-ná ni.

Nígbà tí wọ́n fagi lé e, ìpínlẹ̀ Montana ní àwọn ò kọ nọ́ńbà kankan mọ́ fún ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀sán. Kí olúkúlùkù wa ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe bọ́gbọ́n mu. Bí a ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Agbẹjọ́rò Ìdákẹ́jẹ́

Àbúrò mi, parí ìtàn Montana. Ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan níbẹ̀ lórí 85 máìlì, ó ní kò bọ́gbọ́n mu. Ọkùnrin náà ní ó bọ́gbọ́n mu fún òun, ọkọ̀ òun dára, ojú ọjọ́ dára, òun sì mọ̀ ọ́n wà. Ó gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà, ó sì jàre ní oṣù Kejìlá ọdún 1998. Àwọn adájọ́ ní ẹnikẹ́ni ò lè mọ ibi tí òfin náà parí sí. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ní 1999 wọ́n dá nọ́ńbà padà. Ìjà tí ọ̀jáfáfá awakọ̀ jà ló mú gbèdéke padà wá fún gbogbo ìpínlẹ̀.

Ti Jámánì náà kò rí bó o ṣe sọ ọ́ tán. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá kọjá 130 kò ní san ìtanràn. Ṣùgbọ́n bí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, tí kò sì lè fi hàn pé ohun kan náà ni ì bá ṣẹlẹ̀ tó bá wà lórí 130, wọ́n lè pín in nínú gbèsè náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló yà bọ́ síwájú rẹ̀.

Àsíá Alápótí

À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Ẹ̀ ń wá ẹni tó mọ ọkọ̀ wà jù láyé, ẹ ò sì pe àwa tí à ń wo ìdíje eré ọkọ̀ Formula 1.

Àwọn èèyàn tó ń wa ọkọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá wọn du pé òun mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Wọ́n máa ń kọjá 300 lórí pápá. Síbẹ̀, ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń yà sí láti pààrọ̀ táyà ní gbèdéke: 80 ní ọ̀pọ̀ pápá, 60 níbi tó há bíi Monaco. Ẹni tó bá fi díẹ̀ kọjá, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e nígbà ìdánrawò. Tó bá jẹ́ inú ìdíje gan-an ni, wọ́n á fi àkókò jẹ ẹ́ níyà. Ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀méje náà wà lábẹ́ ẹ̀.

Ọdún 1994 ni gbèdéke yẹn wọlé, lẹ́yìn tí táyà kan yọ lára ọkọ̀ tó ń jáde ní Imola tó sì ṣe àwọn òṣìṣẹ́ léṣe. Kò sẹ́ni tó sọ pé àwọn awakọ̀ ò mọ ọkọ̀ wà. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀.

Tí ẹ bá sì rò pé ìmọ̀ ń gba èèyàn lójú títì: Giuseppe Farina, ẹni àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ Formula 1 ní 1950, jàm̀bá ojú ọ̀nà ló pa á ní 1966, nígbà tó ń lọ wo ìdíje ní ilẹ̀ Faransé. Mike Hawthorn gba tirẹ̀ ní 1958, ó fi eré ìdíje sílẹ̀ láàyè, oṣù Kìíní 1959 ló kú lórí títì gbogbo ayé nítòsí Guildford. Ọmọ ọdún 29. Ojú ọ̀nà tutù lọ́jọ́ náà. Òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ.

Ní 1974, wọ́n wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ní láísẹ́nsì ìdíje ní Florida, New York àti Texas, wọ́n fi wé àwọn awakọ̀ lásán tí ọjọ́ orí wọn bára mu. Àwọn ọ̀jáfáfá ló ní jàm̀bá tó pọ̀ jù lójú títì, àwọn náà ló ní ẹ̀sùn eré tó pọ̀ jù.

Gíà Karùn-ún

Èyí dùn mí díẹ̀, mi ò ní parọ́. Mi ò mọ̀ nípa ti àkọsílẹ̀ 1974 yẹn. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe eléré ìdíje, kò sí ẹ̀mí ìfigagbága nínú mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo fi ń wa ọkọ̀.

Ìyá Ìbejì

Bàbá àwọn ọmọ náà ní ìdákẹ́jẹ́ ni òun fi ń wà á.

Dókítà Ọkàn

Ẹ̀rín pa mí. Ní 1981, ọ̀gbẹ́ni Ola Svenson bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà àti Sweden pé kí wọ́n fi ìmọ̀ ìwakọ̀ wọn wé ti àwọn yòókù inú yàrá. Nínú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, 93 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi ara wọn sí ìdajì òkè. Àwọn ọmọ Sweden rẹra sílẹ̀ díẹ̀, 69. Ìdajì tó gba 93, irú ìdajì wo nìyẹn?

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, bí ìjọba bá gbé láísẹ́nsì ọ̀jáfáfá yín kalẹ̀ lọ́la, ta ni kò ní wá tò? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà gan-an kò mọ̀ pé òun ò mọ̀. Ẹ sì rántí pé ìdánwò, ọjọ́ kan ni wọ́n ń ṣe é. Orí èèyàn á pé lọ́jọ́ náà, á ti sùn dáadáa. Kámẹ́rà bá yín ní aago méjì òru. Ìgbà wo lẹ jí lọ́jọ́ yẹn?

Gíà Karùn-ún

Aago mẹ́fà àárọ̀. Mo mọ ibi tí o ń lọ. Oorun ò kùn mí.

Dókítà Ọkàn

Wákàtí ogún lójúfò. Mi ò sọ nǹkan kan o.

Agbọ́kọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìrọ̀lẹ́, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa ọkọ̀ tó máa ń fa ọkọ̀ tó bà jẹ́ kúrò lójú márosẹ̀. Òru ni iṣẹ́ wa pọ̀ jù.

Wọ́n pè mí lóru ọjọ́ kan. Ọkọ̀ obìnrin kan ti kú sórí ìlà àárín, iná rẹ̀ kú pẹ̀lú ẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí búùtù, ó mú àmì pupa onígun mẹ́ta, ó ń rìn lọ sẹ́yìn láti lọ gbé e kalẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó fò sẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ títì. Ọkọ̀ náà wọ inú tirẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àmì onígun mẹ́ta náà wà lórí itan rẹ̀. Kò tíì yọ ọ́ nínú ọ̀rá rẹ̀.

Awakọ̀ kejì, iṣẹ́ tó ń jẹ ni ọkọ̀ wíwà. Egungun àyà rẹ̀ kán, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Mo tẹ bíréèkì. Mo tẹ̀ ẹ́ o." Òótọ́ ló sọ. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, táyà rẹ̀ fa àpá sílẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àpá náà, mo tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gún bí okùn tí wọ́n nà. Ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà kò lè tẹ bíréèkì kó gún tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù á ti jẹ́ kó lọ́ sítíárìn. Ọkùnrin yẹn ò ṣe àṣìṣe kankan látìgbà tó ti rí ọkọ̀ náà. Ilẹ̀ ló tán.

Gíà, mo fẹ́ bi yín léèrè. Lóru ọjọ́ tí kámẹ́rà mú yín, iná òkè lẹ tàn ni àbí iná wálẹ̀?

Gíà Karùn-ún

Iná wálẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ ní apá kejì, mi ò fẹ́ fọ́ wọn lójú.

Agbọ́kọ̀

Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ìṣirò, bá wa ṣe 142.

Ìṣirò Ò Parọ́

Mítà 39 kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì. Mítà 111 lẹ́yìn ìyẹn. 150 lápapọ̀, lórí ọ̀nà gbígbẹ, pẹ̀lú táyà tó dára.

Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́

Gbogbo wa ti dákẹ́.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n gbé e gba ibòmíì. Mo gbà pé kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tó sáré. Ìyà wo ni? Owó ìtanràn tó máa pa òṣìṣẹ́ lẹ́kún, ẹni tó gbé Bugatti yẹn á fi ṣe owó páàkì. Finland ló gbọ́n jù létí mi. Owó tó ń wọlé fúnni ni wọ́n fi ń ṣírò ìtanràn níbẹ̀. Ní 2023, olówó kan fi 82 kọjá níbi tí gbèdéke ti jẹ́ 50, wọ́n bu 121,000 yúrò lé e. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀jáfáfá àti olówó gbọ́ ohùn kan náà pẹ̀lú wa, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe sọ ọ́.

Táyà Gbígbẹ

Kí wọ́n kúkú gbé àwọn èèyàn lọ sí kíláàsì bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹlẹ́ṣẹ̀ kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n jókòó fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n gbọ́ irú ohun tí Agbọ́kọ̀ sọ yìí. Owó ìtanràn ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mi ò tíì gbà pé 110 ni nọ́ńbà tó tọ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbèdéke yìí, àwọn olóṣèlú ló fà wọ́n yọ nínú àpò.

Agbẹjọ́rò Ìdákẹ́jẹ́

Bí nọ́ńbà bá kéré jù, ẹ jẹ́ ká jà kí wọ́n gbé e sókè fún gbogbo èèyàn. Màá bá yín fọwọ́ sí ìwé yẹn. Èyí tí mi ò ní fọwọ́ sí ni pé kí nọ́ńbà tìrẹ yàtọ̀ sí tèmi. Nígbà tí mo bá fẹ́ bọ́ sí ìlà òsì, mo máa ń wo dígí, mo sì máa ń fojú díwọ̀n bí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ṣe máa tètè dé. Gbèdéke ni mo fi ń díwọ̀n. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn bá ní láísẹ́nsì àkànṣe lápò, dígí mi ò ní sọ fún mi.

Gíà Karùn-ún

Mo ti kúrò níbí fún ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò bínú.

Mo ti san owó náà. Ẹ má rò pé ẹ ti borí mi tán, mo ṣì fara mọ́ ọn pé ẹni tó ń tẹ fóònù lórí 105 léwu jù mí lọ, mo sì fẹ́ kí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í rí òun náà. Àbá láísẹ́nsì àkànṣe, mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ dígí yẹn ni mi ò rí èsì fún.

Ṣùgbọ́n 150 yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Lálẹ́ àná mo gbé ọkọ̀ lọ sí pápá kan tí ọkọ̀ kì í gbà, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tan iná wálẹ̀. Mo ní kó dúró níwájú ìmú ọkọ̀, kó máa rìn lọ tààrà, kó máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, mítà kan ní ẹsẹ̀ kan, kó má dúró títí yóò fi pé 150. Aṣọ dúdú ló wọ̀, mi ò tiẹ̀ ronú sí i.

Mo rí i dáadáa títí tó fi ka 50. Nígbà tó dé 60, bàtà rẹ̀ funfun nìkan ni mò ń rí. Lẹ́yìn tó ka 70, mi ò rí i mọ́. Mo jókòó sẹ́yìn sítíárìn, mo la ojú mi méjèèjì sílẹ̀, mo kàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òkùnkùn ni: 97, 98, 99...